Ta Ni Yóò Gba Ìwé Náà Lọ́wọ́ Ọmọ Rẹ?

Ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ọ̀nà Èkó ti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oríṣi èèyàn méjì ló máa ń kọjá lára ara wọn láìwojú ara wọn. Àwọn kan ń ti Nàìjíríà bọ̀: ọ̀dọ́ tó ń wọ́ báàgì onítáyà, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé e, owó wà lábẹ́ aṣọ. Yunifásítì ni wọ́n ń wá lọ sí Kútọ̀nu. Àwọn kejì ń ti Kútọ̀nu bọ̀, Èkó ni wọ́n ń lọ: ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àpò wọn wúwo, lẹ́fẹ̀lì, tírówẹ̀lì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé taìlì ló kún inú rẹ̀. Ilé tuntun kan ti ń dúró dè wọ́n ní Lẹ́kí tàbí ní Ajah.

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Èkó á ti gbọ́ ọ. Tó bá di orí taìlì, bíríkìlà tó ti ń fọ́nnu látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ á rẹ ohùn sílẹ̀: “Alhaji, ẹ jẹ́ ká wá àwọn ará Kútọ̀nu síbí yìí o.” Ìbáà jẹ́ ará Bẹ̀nẹ̀, ìbáà jẹ́ ará Tógò, orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ń pè wọ́n. Wọ́n ń wá wọn nítorí pé igun taìlì wọn máa ń bá igun pàdé, omi balùwẹ̀ sì máa ń mọ ihò tó yẹ kó gbà lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé owó lọ ra ìwé-ẹ̀rí ní Kútọ̀nu, tí Kútọ̀nu sì ń gbé ọwọ́ wá ṣiṣẹ́ gba owó lọ́dọ̀ wa.

Kò yẹ ká fi àwọn ọmọ tó ń kọjá Sẹ̀mẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ló lé wọn. Ní 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó di oṣù kẹwàá kí ilẹ̀kùn kíláàsì tó ṣí. Àwọn tó ń jókòó ṣe JAMB lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, àwọn tó sì ń ráyè wọlé nínú wọn kò tó ìdajì. Ní Kútọ̀nu, ọdún mẹ́ta ni dìgírì àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní licence. Kò sí JAMB. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àdáni kan ti ṣètò kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ de ará Nàìjíríà. Nígbà tí náírà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó jọ ohun tí apá lè ká. Àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ sọ́jà ní oṣù kẹfà 2023, sẹ́fà kan, tí kò tó náírà kan tẹ́lẹ̀ ní báńkì, ti di ohun tó ju náírà méjì lọ láàárín ọdún tó tẹ̀ lé e. Òbí tó ti san owó ọdún kìíní ọmọ rẹ̀ bá ara rẹ̀ láàárín odò: kò lè padà, ọkọ̀ ò sì tíì gúnlẹ̀.

Ìgbà náà ni ilé tún wó lu ìlú. Níparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, gbé e jáde pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òun gba dìgírì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọ̀nu, tí òun sì fi ìwé náà wọ NYSC, iṣẹ́ ìsìnlú tí òun ti sìn parí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ní òun dáwọ́ yíyẹ ìwé-ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò wò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn, Tahir Mamman, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ìwé ayédèrú láti orílẹ̀-èdè méjèèjì lé ní 22,000. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n ní àwọn yóò kà sí: mẹ́ta ní Tógò, márùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀. Nínú márùn-ún yẹn, ti ìjọba ni mẹ́rin: Abomey-Calavi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọ̀nu, Parakou lókè lọ́hùn-ún, ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ní Abomey, àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti Kétu. Ìlú Alákétu ni o, ibi tí ọmọ Ìbàdàn lè fi èdè ìyá rẹ̀ bèèrè ọ̀nà, kó fi ra ẹ̀wà, kó sì fi nájà. Àmọ́ Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni nínú kíláàsì, oko àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. Òbí wa tó ń wá ìwé tí wọ́n á fi jókòó sí ọ́fíìsì onífáànù kò ní ojú láti wo ibẹ̀.

Àwọn tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni àwọn tí kò ṣe màgòmágó. Wọ́n gba yàrá sí Akpakpa ní Kútọ̀nu, wọ́n jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta, wọ́n kọ́ èdè Fọ̀n débi pé wọ́n ń fi ná ọjà ní Dantokpa. Ìwé wọn níyì ní oṣù kejìlá. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìmọ̀ tó wà lórí wọn kò dín. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ wọn ló yí ohùn padà, ẹnì kan ṣoṣo péré sì ni: ìjọba orílẹ̀-èdè wọn. Ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, ṣáájú iye owó, ṣáájú ẹwà ògiri ilé-ẹ̀kọ́: lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá na ìwé yìí jáde, ta ni yóò gbà á? Ó tó mélòó? Bí ẹni náà bá sì kọ̀, ta ló kù?

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti jẹ nínú ìyà yìí rí, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Nígbà tó ṣì ń jẹ́ Dahomey lábẹ́ Faransé, ìwé ni ọjà tí ìlú náà ń tà fún àwọn ìlú tó yí i ká. Emmanuel Mounier, onímọ̀ ará Faransé tó rin ìrìn àjò wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1947, ni wọ́n ń sọ pé ó fi Dahomey wé àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris. Láti Dakar dé Abidjan dé Niamey, níbikíbi tí òyìnbó bá ti nílò akọ̀wé, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé-ìfìwéránṣẹ́, o ó bá ọmọ Dahomey nídìí tábìlì. Wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Ní oṣù kẹwàá 1958, àwọn ará Abidjan dìde sí wọn. Wọ́n ní àjèjì gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n jó ilé, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Dahomey àti ọmọ Tógò padà sílé. Ní 1963, Niger náà lé àwọn ọmọ Dahomey tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fọwọ́ sí ìwé fún odidi àgbègbè padà bọ̀ wá bá ìlú kékeré kan tí kò ní ọ́fíìsì tó lè gba ìdá mẹ́wàá irú rẹ̀. Bíríkìlà ọmọ Dahomey náà wà lára àwọn tí wọ́n lé, ìyà jẹ òun náà. Àmọ́ ibi tó bá balẹ̀ sí, ògiri wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò mọ ọ́n.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba gba ipò òyìnbó. Wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Abomey-Calavi ní 1970, ẹni tó bá sì jáde níbẹ̀ mọ̀ pé àga kan ń dúró de òun nínú iṣẹ́ ìjọba. Àdéhùn yẹn kò tó ogún ọdún. Lábẹ́ Ààrẹ Kérékou, àpò ìjọba gbẹ, àwọn báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, owó-oṣù ò jáde fún ìgbà pípẹ́, kí ọdún 1990 tó dé, wọ́n ti dáwọ́ gbígba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síṣẹ́ dúró. Àwọn kan nínú wọn wá alùpùpù. Ibẹ̀ ni zémidjan ti gbilẹ̀, àwọn ọlọ́kadà aláṣọ pupa rúsúrúsú bíi pupa ẹyin tó kún títì Kútọ̀nu lónìí. Ní ìlú yẹn, ó rọrùn láti gun alùpùpù lẹ́yìn ẹni tó ní dìgírì ìmọ̀ òfin tàbí ti ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, bí o bá sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀, á ṣàlàyé ọ̀wọ́n epo fún ọ ju agbẹnusọ ìjọba lọ.

N kò sọ pé kí a sun yunifásítì níná. Kò sí ẹni tó máa kọ́ iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá lábẹ́ pátákó, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí afárá òun jẹ́ èyí tí ẹnì kan fojú díwọ̀n. Yunifásítì ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ kò wọ́n bíi ti àdáni rárá, ọmọ tó bá rí àyè ìṣègùn tàbí ti ẹ̀rọ níbẹ̀, kí wọ́n máa jó fún un. Èyí tí mo ń bá jà ni dìgírì olówó gọbọi nínú ìmọ̀ tí kò ní orúkọ pàtó: ìṣàkóso èyí, ìbánisọ̀rọ̀ tọ̀hún, ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí ilé ìtajà alájà mẹ́ta, tí wọ́n kọ orúkọ Amẹ́ríkà mọ́ iwájú rẹ̀.

Ó yẹ ká tún wo bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kútọ̀nu. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á na tápólìn sẹ́nu títì àdúgbò, wọ́n á to àga oníkẹ̀, àwọn zémidjan á máa kùn bí wọ́n ti ń yí gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ilé télọ̀, gbogbo ọmọ iṣẹ́ á wọ aṣọ kan náà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán, ìyá oníbàárà á sì máa yẹ ìtẹ́ ọrùn wò lábẹ́lẹ̀ bóyá ó tọ́. Ẹni tí wọ́n ń dá sílẹ̀ á kúnlẹ̀. Ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí, á fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, á gbé ìwé-ẹ̀rí inú férémù ńlá fún un. Àwọn ojúgbà á wá da pọ́dà sí i lórí títí ojú rẹ̀ á fi funfun, igbe á ta, ìlù á bọ́ sí i. Tí ayẹyẹ bá parí, o ó rí i lẹ́yìn zémidjan, férémù láyà, pọ́dà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo títì.

Ohun tí mo rí nínú ayẹyẹ yìí ni pé àwọn tó jókòó sábẹ́ tápólìn yẹn gan-an ni oníbàárà ọ̀la. Wọ́n ti wọ aṣọ tí ọmọ náà rán láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n rí i nígbà tó ba ti ìyàwó olórí ẹbí jẹ́, wọ́n sì rí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gún. Mínísítà kan kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ́. Nílẹ̀ tó jẹ́ pé nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí kì í gba owó-oṣù tó ní àkọsílẹ̀, ẹ̀rí ojú aládùúgbò wúlò ju òǹtẹ̀ lọ.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́-ọwọ́ tàn ọ́ jẹ o. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń gba owó ìwọṣẹ́, tí wọ́n á tún gba owó ìdásílẹ̀, tí ọmọ á sì fi ọdún kìíní rẹ̀ pọn omi, gbálẹ̀, gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n. Ẹgba ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀gá mìíràn á fi ibi tí iṣẹ́ ti lójú pamọ́, kí ọmọ má bàa yára gbó kó sì gba oníbàárà lọ. Òmíràn á sún ọjọ́ ìdásílẹ̀ síwájú nítorí ọwọ́ ọ̀fẹ́ dùn. Bákan náà, àwọn iṣẹ́ kan ti kún jù: nínú àdúgbò kan ní Kútọ̀nu, o lè ka ilé télọ̀ àti ilé onídìrí láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, gbogbo wọn ń wo ojú títì. Ìbéèrè tí mo ní kí òbí bi yunifásítì, kó bi ọ̀gá náà: ta ni yóò ra èyí lọ́wọ́ ọmọ mi?

Àti pé iṣẹ́-ọwọ́ ìsinsìnyí kì í ṣe ti ẹni tó sá fún ìwé. Ẹ wọ ilé àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, iṣẹ́ tó ń lọ́jà ní Kútọ̀nu nítorí ilé tó ń gòkè níbi gbogbo. Àyè fèrèsé fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 120. Ilẹ̀kùn méjì ni yóò máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ka ìṣirò dénú á pín in sí méjì, á gé 60, 60. Ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Férémù ti jẹ nínú ìbú yẹn lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ gun ara wọn díẹ̀ láàárín kí òjò àti ẹ̀fọn má bàa ráàyè. Ẹni tó mọ̀ á yọ ti férémù kúrò, á pín in, á wá fi ti ìgunra lé e, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹ̀rọ. Irin tí wọ́n bá gé kúrú kò ṣeé fà gùn. Ọ̀gá á jẹ gbèsè rẹ̀, tàbí kó gbé e lé ọmọ lórí. Kíláàsì ló kọ́ni ní irú ìṣirò yẹn, ẹni tó bá sì jáde níléèwé láìmọ̀ ọ́n á san owó rẹ̀ nílé iṣẹ́.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé-ẹ̀rí CQP, tí ọmọ iṣẹ́ tó ti ka ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán á máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á sì máa jókòó ní kíláàsì níwọ̀nba ọjọ́. Fún àwọn tí kò kàwé, CQM wà: ìdánwò gbogbogbòò níparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí wọ́n á fi irinṣẹ́ ṣe níwájú àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Bí ọmọ bá gba irú ìwé báyìí, ọ̀gá nìkan kọ́ ló ń jẹ́rìí rẹ̀ mọ́. Ìjọba Patrice Talon, tó gorí àga ní 2016, tún dá àjọ ADET sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé girama oníṣẹ́-ọwọ́, ó sì gbé Sèmè City kalẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Láti 2019 ni Epitech, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀ Faransé, ti wà ní Kútọ̀nu lábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, mi ò mọ èyí tí ẹ fẹ́ pè é, dìgírì ni àbí iṣẹ́-ọwọ́: ọmọ ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ṣe é, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe.

Ní Àjàṣẹ́, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï ti wà láti 1985. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Ọkùnrin tí dìgírì rẹ̀ lè bo ògiri kan fi gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá ń kọ́ ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja, bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹran dáná. Bó bá jẹ́ pé ìwé kò wúlò, ibo ni ì bá ti rí ọgbọ́n tó kó síbẹ̀?

Èyí tó wà ní Glo-Djigbé, nǹkan bí kìlómítà 45 sí Kútọ̀nu, ló dí mi lẹ́nu díẹ̀. Ibùdó ilé-iṣẹ́ ńlá ni, níbi tí òwú Bẹ̀nẹ̀ ti ń di aṣọ tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun. Wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń san owó-oṣù. Àmọ́ ẹni tó ń rán apá ẹ̀wù nìkan láti àárọ̀ dalẹ́ kò tíì di télọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá tì, kò lè rán odidi bùbá fún ìyá rẹ̀. Iṣẹ́-ọwọ́ náà lè ní oníbàárà kan ṣoṣo.

Ẹ wo owó dìgírì wàyí. Ilé-ẹ̀kọ́ àdáni tó ń gba 400,000 sẹ́fà lọ́dún kò ṣọ̀wọ́n ní Kútọ̀nu. Ọdún mẹ́ta, 1,200,000, láìka yàrá, láìka oúnjẹ. Owó-oṣù tó kéré jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 2023 jẹ́ 52,000. Kí ọmọ tó fi owó yẹn dá ti òbí padà, á ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́tàlélógún láìjẹ láìmu, bó bá tilẹ̀ rí iṣẹ́. Òbí ń ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, ìyá ń gba àjọ, ẹbí ń dáwó.

Ọmọ kejì nínú ilé kan náà ń kọ́ṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹbí á jó, wọ́n á jẹ, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú férémù. Ní ọjọ́ Ajé, á sọ pé ẹ̀rọ ìgé irin ni òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àti owó ìsọ̀ oṣù mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó ọdún kan tí wọ́n san fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá tó ta ilẹ̀ fún licence á wò ó lójú, á ní, “Ìwọ ti mọṣẹ́ ná. Lọ máa wá tìrẹ.” Ọmọ náà á padà sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀, á máa bá a ṣiṣẹ́ gba owó ojúmọ́, tàbí kó gbé àpò rẹ̀ kó forí lé Sẹ̀mẹ̀.